Ewé Já Bọ́, Rélùwéè Dúró

Ta ló sọ fún wa pé ọkọ̀ kì í pẹ́ nílùú òyìnbó? Kí onítọ̀hún yọjú, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ í sọ. Láti ìgbà tí mo ti wá kí ọmọ mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ojú mi ń rí ní ibùdó rélùwéè kò ṣeé gbé mì.

Kì í ṣe pé n kò dúró de ọkọ̀ rí. Ẹni tó bá ti há sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn rí, ìdúró wo ló tún fẹ́ dẹ́rù bà á? Ṣùgbọ́n nílé, ohun tó dá wa dúró máa ń lórúkọ: tírélà ṣubú, àgbàrá gba ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà ń wá èrò kan kún. Ẹ wá gbọ́ tiwọn. Ewé! Bí oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú bá ti dé, ewé igi á máa já bọ́ sórí irin, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú irin á wá máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ọkọ̀ ò ní lè sáré, bíréèkì ò ní lè mú un bó ṣe yẹ. Wọ́n ní ọkọ̀ àkànṣe tó ń fi omi fọ irin náà lóru. Láti ọdún 1825 ni rélùwéè ti ń kó èrò nílẹ̀ yìí, ewé ṣì ń dá wọn dúró!

Ká ní ewé nìkan ni, ǹ bá dákẹ́. Lóṣù Èrèlé ọdún 1991, yìnyín lẹ́búlẹ́bú kan bọ́, ó wọnú ẹ̀rọ àwọn ọkọ̀ oníná, ó dá wọn dúró. Àlàyé tó dé etí aráàlú ni pé irú yìnyín yẹn kọ́ ló yẹ kó bọ́. Àfi bí ẹni pé yìnyín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ! Ẹ̀ẹ̀rùn náà kò bá wọn lára mu. Ìwọ̀n 27 Celsius ni wọ́n ṣòdiwọ̀n irin wọn fún. Bí oòrùn bá mú jù, irin náà lè wọ́, ọkọ̀ á sì máa rọra rìn. Oòrùn tí àwa fi ń sá èlùbọ́!

Síbẹ̀, ìdúró kọ́ ló dùn mí jù. Ìdákẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n fagi lé ọkọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo èrò gbójú sókè sí pátákó àkókò ọkọ̀, kò sẹ́ni tó pòṣé. Bó bá jẹ́ ní géréèjì wa ni, ìyá kan ìbá ti ké sí Olúwa, bàbá kan ìbá ti bú gómìnà, oníbọ̀ọ̀lì ìbá ti dé, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, a ti di mọ̀lẹ́bí. Mo yíjú sí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n ń fojú wa rí?" Ó rẹ́rìn-ín ẹnu lásán, ó ki nǹkan bọ etí. Mo kí obìnrin kan, ó di báàgì rẹ̀ mú.

Ìtọrọ-àforíjì ń dún lókè, ẹ̀rọ ló ń tọrọ rẹ̀. Ta ni kí n wá gbá lọ́rùn mú? Kódà, lórí àtẹ̀gùn ibùdó náà tó ń gbéra rẹ̀ lọ, ọ̀tún ni ká dúró sí, kí òsì lè ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń kánjú. Kánjú lọ síbo? Ọkọ̀ wo ló ń retí rẹ̀?

Ọmọ mi ní kí n má bínú, pé bí ọkọ̀ bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 15 tàbí 30, ó sinmi lórí ilé-iṣẹ́ tó ni ín, èèyàn lè gba apá kan owó rẹ̀ padà. Ibi tí wọ́n ti jù wá lọ nìyẹn, mo gbà, nítorí owó tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ kọ̀ndọ́ wa ti lọ. Ṣùgbọ́n mo wo fọ́ọ̀mù náà lókè àti nísàlẹ̀, kò síbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò rẹ́ni bá a kẹ́dùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ nígbà ìwọ́wé, ẹ tètè jáde nílé, kí ẹ sì di àkàrà dání. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan tó wọ dàńṣíkí sábẹ́ kóòtù, tó ń wo pátákó, tó sì ń mi orí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá mi. Ẹ wá, ká jọ pòṣé.