Kí Fèrè Tó Dún, Wọ́n Ti Sá Lọ!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun láti oṣù kẹwàá ọdún 2025. Mo gbìyànjú kí n gbé e mì, kò lọ. Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá ń kọjá ní von, òpópónà kékeré wa, ní Gbégamey ní Cotonou, àwọn ọmọdé á dọ̀bálẹ̀, àwọn ọlọ́kadà zém á rọra dín ìró ẹ̀rọ wọn kù. Àgbà tó níyì báyìí ló dìde lórí àga rọ́bà, tó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì ku ìṣẹ́jú 39. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bàbá ò tíì tọ̀ tán.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Àga tí wọ́n fi sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ débi pé ajá kan lọ ká ara rẹ̀ jọ sórí ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, tí Bẹ̀nẹ̀ lọ bá Nàìjíríà ní Uyo. Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí ẹ lè mọ bí ìwà náà ṣe burú tó. Àwọn Guépards wa, àwọn tí a ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yí orúkọ padà ní 2022, ni wọ́n wà lókè téńté ní gúrúùpù C tí a fi ń wá ọ̀nà Ife Àgbáyé, pẹ̀lú pọ́ìǹtì 17. Nàìjíríà ní 14. FIFA ti já pọ́ìǹtì mẹ́ta gbà lọ́wọ́ South Africa nítorí pé wọ́n lo ẹni tí kò yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan. Bẹ̀nẹ̀ ò lọ sí Ife Àgbáyé rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, ní Kigali, Tosin Aiyegun, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Rwanda. Kóòṣì wa sì ni Gernot Rohr, ẹni tó ṣe kóòṣì Nàìjíríà fún ọdún márùn-ún, tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ilé wọn. Ẹnu gbogbo wa dùn. Ní von wa níbí, mo mọ ọkùnrin tó ti ń bèèrè iye tí físà Amẹ́ríkà jẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì san owó iná ilé rẹ̀.

Ìdí nìyí tí Tantie tó ni buvette, ilé ọtí tó wà lẹ́yìn ọjà, fi lọ háyà àga sí i. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n síta, ó ní kí wọ́n gbá ilẹ̀, ó kó ọtí sínú yìnyín láti àárọ̀. Àwọn bàbá wọ jẹ́sì aláwọ̀ ìyeyè, àwọn kan fi àsíá wé orí bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Àwa Nàgó tó wà láàárín wọn, ẹ mọ̀ pé ọkàn wa ò dúró sójú kan: wọ́n bí ìyá ẹlòmíràn sí Kétu, bàbá bàbá rẹ̀ sì ti Abẹ́òkúta wá. Nítorí náà àwọn kan jókòó lápá ọ̀tún pẹ̀lú aṣọ funfun, wọn ò sọ ti ẹni tí wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ti mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sínú nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ojúlé wa, Nàìjíríà ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kẹta, Osimhen. Ìfóòfó ọtí tí Tantie ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ife ò tíì rọlẹ̀. Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì, Osimhen. A wá fọwọ́ lẹ́rán, a ní kò burú, bí wọ́n bá sinmi wọ́n á padà wá. Ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́ta, Osimhen náà ni! Ibẹ̀ ni ìwà ọmọ ènìyàn ti hàn sójú gbangba.

Mo jókòó ti ògiri, mo rí gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan gbé fóònù sétí, ó ń sọ pé "Mo ń bọ̀, mo ń bọ̀, ẹ fún un lómi," ó sì ń rìn lọ. Ojú fóònù náà ṣókùnkùn, bátìrì rẹ̀ ti kú láti ìdajì àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa. Òmíràn ní owó zém á wọ́n bí èrò bá tú. Zém wo? Ilé rẹ̀ ò ju von kejì lọ, ẹsẹ̀ ló fi wá. Ẹ̀kẹta ní ìyàwó òun ń pe òun. Yéè! Ìyàwó ọ̀hún jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń jẹ àkàsà àti ẹja díndín, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó kàn ní, "Bàbá ọmọ mi, ta ló ń pè yín?" Ọkùnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọkùnrin kan tó fi ọ̀dà kun ojú, ewé, ìyeyè àti pupa. Bó ṣe ń lọ ló ń fi òkè ọwọ́ nu ojú. Ó nu ilẹ̀ baba rẹ̀ kúrò lójú ara rẹ̀ nígbà tí ìṣẹ́jú ò tíì pé ọgọ́ta! Lọ́jọ́ kejì mo rí i ní ìkóríta tó lọ sí Place Bulgarie, jẹ́sì aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ni ín. Ṣíọ̀. Ẹ̀gbọ́n wo? Mo mọ ìyá rẹ̀, òun ni àkọ́bí.

Ẹ ó rò pé àwọn tí wọ́n nà nìkan ló sá. Irọ́ ni o. Àwọn aláṣọ funfun tó wà lápá ọ̀tún náà dìde! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, góòlù mẹ́ta ti tó, kí àwọn lọ jẹ ayé àwọn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í fi ojú burúkú wò wọ́n. Wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn lọ, wọ́n ń fi ẹ̀rín pamọ́ sábẹ́ àgbọ̀n. Wọn ò ṣe ìṣirò. Ẹni tó bá dìde níbi ìkómọ kí wọ́n tó dárúkọ ọmọ, orúkọ wo ló máa pe ọmọ náà lọ́la?

Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. South Africa ń na Rwanda lọ́wọ́ kan náà, wọ́n sì ti fẹ́ gba ipò kìíní lọ. Nàìjíríà máa ṣe ipò kejì. Àwọn mẹ́sàn-án ló sì ṣe ipò kejì ní gúrúùpù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, mẹ́rin péré ni wọ́n máa mú nínú wọn lọ sí ìdíje àfikún ní Morocco. Nígbà tí wọ́n yọ ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kúrò nínú ìṣirò, Nàìjíríà àti Burkina Faso ní pọ́ìǹtì 15 kan náà. Èrè góòlù ni wọ́n fi yà wọ́n: Nàìjíríà ní 7, Burkina Faso ní 6. Níbo ni ìkeje yẹn ti wá? Aago ti kọjá 90, a ti wọ àfikún ìṣẹ́jú, nígbà tí Frank Onyeka gbá ìkẹrin wọlé. Góòlù yẹn gan-an, èyí tó gbé Nàìjíríà dé Morocco, kò sí aláṣọ funfun kan tó rí i ní Gbégamey. Ajá tó wà lórí àga rí i.

Ẹ wá wo irọ́ lọ́jọ́ kejì! Ọ̀kan nínú wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, ó ń fi ẹsẹ̀ júwe fún àwọn oní-zém bí Osimhen ṣe gbá ìkẹrin wọlé. Osimhen! Ó ń fi orúkọ Osimhen sí orí góòlù tí kò rí. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ra búrẹ́dì mi. Àmọ́ mo wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì mọ̀ pé mo wo òun. (Ní Morocco, Nàìjíríà na Gabon 4-1, DR Congo sì fi pẹnáríti lé wọn wálé ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ò kàn mí.)

Ẹ má ní mo ń dá àwọn ará àdúgbò mi lẹ́bi lásán, àìsàn náà ti wà láyé tipẹ́. Ní Abidjan, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní 2024, Equatorial Guinea gbá góòlù mẹ́rin wọlé Côte d'Ivoire nínú ilé wọn, ní Ebimpé. Àwọn èrò ti ń tú kí fèrè tó dún, inú bí wọn, wọ́n ba nǹkan jẹ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n lé kóòṣì wọn lọ. Ogúnjọ́ sí ìgbà náà, Côte d'Ivoire kan náà na Nàìjíríà 2-1, wọ́n sì gba Ife Áfríkà, ní pápá yẹn kan náà. Láàárín rẹ̀, wọ́n pàdé Mali ní Bouaké: wọ́n lé ẹnì kan nínú wọn jáde kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Mali gbá góòlù kan wọlé ṣáájú, títí di ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún tí Adingra dá a padà. Diakité gbá ìkejì nígbà tí àfikún àkókò ti tán pátápátá. Ta ló mọ iye ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Yamoussoukro nígbà yẹn? Nínú ìdíje yẹn kan náà, wọ́n máa ní tíkẹ́ẹ̀tì ti tán, tí a bá tan tẹlifíṣọ̀n, àga òfìfo lọ bẹẹrẹ. Àwọn tó rà á láti tà á lówó gọbọi kò rí ẹni rà á mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ tálákà dúró síta.

Kódà àwọn ọ̀gá ńlá ń ṣe é. Ní Barcelona, 1999, Lennart Johansson, ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù fúnra rẹ̀, fi àga sílẹ̀ kí fèrè tó dún, ó wọ ẹ̀rọ agbéniròkè lọ sísàlẹ̀ láti lọ gbé ife fún Bayern Munich. Kó tó dé pápá, Manchester United ti gbá méjì wọlé. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù lọ láyé ni o! Òun náà lọ "tọ̀".

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn. Ìyẹn, mo gbà. Ní Accra, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún 2001, ìjà ṣẹlẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù Hearts àti Kotoko ń parí lọ, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, ilẹ̀kùn wà ní títì, èèyàn tó lé ní 120 ló kú. Bàbá tó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí pápá Mathieu Kérékou ní Kouhounou, tó rántí Accra, tó sì dìde ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó parí, n kò ní bá a wí, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ṣùgbọ́n nínú buvette ní Gbégamey, níbi tí kò sí géètì, tí kò sí ọlọ́pàá, kí ló fẹ́ tẹ̀ yín mọ́lẹ̀? Adìẹ Tantie?

Ìgbà wo ni a tilẹ̀ rí pápá yẹn lò? Ní oṣù kẹfà 2024, tí a na Nàìjíríà 2-1, àwa ni onílé, síbẹ̀ Abidjan la ti gbà wọ́n lálejò nítorí pé àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ò fọwọ́ sí tiwa. Orí àga rọ́bà Tantie la ti rí góòlù Dossou àti ti Mounié. Lọ́jọ́ yẹn ẹnikẹ́ni ò dìde o! Wọ́n jókòó dé ìparí, wọ́n tún bèèrè ọtí sí i.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo ti ń fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìdíje Uyo parí, Tantie bẹ̀rẹ̀ sí kó ìgò. Mo bá a kó o. Ìgò dúró sábẹ́ àga kọ̀ọ̀kan tó ṣófo, ẹnikẹ́ni ò sì san. Bàbá onígbá ọrẹ, mẹ́ta ló wà lábẹ́ tirẹ̀! Háà. Tantie ò pariwo. Ó to ìgò náà sórí tábìlì, ó ń ka orúkọ ẹni tó jókòó síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka orúkọ nílé ẹ̀kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ, ó lọ jókòó sí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí igbá ọrẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wo bàbá lójú, kò sì ju nǹkan kan sí i. Ó ní, "Ti òní wà lọ́wọ́ yín, Bàbá." Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló sọ fún mi.

Láti ìgbà náà, owó ni wọ́n ń san kí ó tó ṣí ìgò. Nígbà tí àwọn Guépards bá Íjíbítì pàdé nínú Ife Áfríkà ní Agadir, ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2026, gbogbo wọn ti sanwó, wọ́n jókòó. Íjíbítì gbá ọ̀kan wọlé ní ìdajì kejì. Mo ń wò wọ́n. Ọ̀kan gbé fóònù. Òmíràn ní òun fẹ́ lọ wo òjò, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Wọ́n tún lọ! Ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gọ́rin, Jodel Dossou dá a padà, igbe ta ní gbogbo Gbégamey. Ẹ wo eré tí àwọn bàbá fi padà wọlé, bàtà ẹlòmíràn já sójú ọ̀nà. Àwọn oní-zém ti jókòó sórí gbogbo àga. Àfikún àkókò odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni àwọn bàbá fi nàró, títí Salah fi gbá ìkẹta. Bàbá onígbá ọrẹ ní kí Tantie bá òun lé ọmọ kan dìde, ó ní òun ti sanwó.

Tantie ní, "Ọtí lẹ sanwó rẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ dìde lórí àga."