Àgbéyẹ̀wò Àdàkọ Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Kékeré: Ẹ̀yà Rẹ̀, Orísun Rẹ̀ àti Ibi Tí Òfin Dúró Sí

Nínú àgbéyẹ̀wò yìí, àdàkọ ni gbígbé ọ̀rọ̀, àwòrán tàbí ohùn tí ẹlòmíràn ti ṣe láti ibi tó wà lọ sí ibòmíràn, yálà báírò ni a fi gbé e, tàbí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, tàbí àtàǹpàkò lórí fóònù. Ìtumọ̀ yìí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí ó bá ń dáni lẹ́bi ni, kò ní sí ọmọ ilé-ìwé kan tí yóò jàre, nítorí pé iṣẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́fà ń ṣe jù lọ láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń lu agogo ìparí ni pé kí ó da ohun tó wà lára pátákó kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó dà á kọ láìfo ìlà kan ni olùkọ́ ń yìn. Nígbà tí ìdánwò bá dé, ọmọ kan náà á na ọrùn díẹ̀ sí ìwé ẹni tó jókòó tì í, wọn á ní ó ń ṣe jíráàfù, wọn á sì gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ohun tó wá mú kí ọ̀kan gba oríyìn, kí èkejì gba ìyà, ló yẹ ní wíwádìí.

Ẹ̀yà mẹ́rin ni àdàkọ pín sí láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí: àdàkọ àpàṣẹ, èyí tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe, àdàkọ àyọ́wò, èyí tí wọ́n ń ṣe lára ìwé ẹnìkejì, àdàkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti àdàkọ aláìlóǹkọ̀wé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò ní ìṣòro ìmọ̀ nínú. Olùkọ́ ti fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́, ọmọ tó ń ṣe èkejì sì mọ̀ dájú pé kò dára, ìdí nìyẹn tí ó fi ń wo ẹ̀yìn kí ó tó wo ẹ̀gbẹ́.

Ẹ̀yà kẹta ló ta kókó. Bí wọ́n bá ní kí àwọn ọmọ JSS2 lọ kọ nípa odò Ọ̀ṣun wá, ìwé tí púpọ̀ nínú wọn ń mú bọ̀ láti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà máa ń ní àwọn àmì kan lára tí wọn kì í ṣèèṣì débẹ̀: ọ̀rọ̀ kan á hàn ketekete nínú àwọ̀ búlúù pẹ̀lú ìlà lábẹ́ rẹ̀, òǹkà 4 á wà nínú àkámọ́ ní ìparí gbólóhùn, ọ̀rọ̀ "edit" á sì dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkòrí. Òǹkà 4 yẹn ń sọ pé ẹlẹ́rìí ọ̀rọ̀ yìí wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ojú ewé náà kò bá wọn dé ilé-ìwé. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti gé e, kí ó má baà gùn jù tàbí kí owó títẹ̀ ẹ́ má baà pọ̀.

Ọ̀ràn tó wà níbí wúwo ju bí àwọn olùkọ́ ti ń rò ó lọ, ó sì yàtọ̀ sí bí wọ́n ti ń rò ó. Wikipedia, níbi tí ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. Àṣẹ Creative Commons tó wà lórí rẹ̀ gba ẹnikẹ́ni láàyè láti dà á kọ, láti yí i padà, kódà láti tà á, bí ó bá ti dárúkọ ibi tó ti mú un tí ó sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ kan náà. Orúkọ ni nǹkan àkọ́kọ́ tí àwọn tó kọ ọ́ bèèrè lọ́wọ́ ayé. Nínú gbogbo ohun tó wà lójú ewé náà, orúkọ yẹn gan-an ni ọmọ kò mú dání. Ohun tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ ni òun fúnra rẹ̀ sọ di olè jíjà.

Láti ibí ni a ti lè ya ẹ̀ṣẹ̀ méjì tí ilé-ìwé máa ń pa pọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni fífi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe tara ẹni. Èkejì ni lílò ó láìgba àṣẹ. Ọmọ tó bá kọ ìlà mẹ́rin láti ọwọ́ Shakespeare sínú àròkọ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló rò ó kò rú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ kankan, nítorí pé ọkùnrin náà ti kú láti 1616, kò sì sẹ́ni tó ni ẹ̀tọ́ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ló pa. Wo ìdàkejì rẹ̀: ẹni kan ya gbogbo ojú ewé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ó sọ ọ́ di PDF, èèpo ìwé àti orúkọ D. O. Fágúnwà hàn kedere, ó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, síbẹ̀ ó rú òfin. Ọdún 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, Fágúnwà sì kú ní oṣù Kejìlá 1963. Nítorí pé òfin Nàìjíríà ń ka àádọ́rin ọdún láti ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú, ẹ̀tọ́ orí ìwé yẹn wà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín títí di ìparí 2033.

Òfin tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023. Kì í ṣe òfin òǹrorò. Ó gba ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ láàyè láti lo iṣẹ́ ẹlòmíràn ní ìwọ̀n tó tọ́, bí ìlò náà bá sì jẹ́ ní gbangba, kí ó dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni tó ṣe é níbi tó bá ti ṣeé ṣe, àwọn ohun tó sì ní kí a fi díwọ̀n rẹ̀ ni ìdí tí a fi lò ó, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí èyí tí a mú ti pọ̀ tó, àti bóyá yóò ba ọjà ẹni tó ni ín jẹ́. Ojú ewé méjì tí ọmọ kan yà láti fi kàwé nílé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Odindi ìwé tó dé fóònù ogójì ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà ni ọjà bíbàjẹ́. Kò yẹ kí á sọ èyí láìmẹ́nu kan owó. Ilé-ìwé tó kọ orúkọ ìwé sínú lísìtì, tí kò ra ẹyọ kan sínú láíbìrì, tó sì mọ̀ pé ìdajì àwọn òbí kò ní lè rà á, ti lọ́wọ́ nínú PDF yẹn kí ọmọ kankan tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ wí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an tún jẹ́ onílé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó fúnra rẹ̀ kọ àròkọ lórí ọjà ìlú rẹ̀ ti di ẹni tó ní ẹ̀tọ́ àdàkọ ní kété tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin kò bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀, kò sọ pé dandan ni kí ó forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì bèèrè bóyá àròkọ náà dùn. Ó fẹ́ kí ọmọ náà ti ṣe làálàá tó mú kí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, kí iṣẹ́ náà sì ti wà lára ohun tí a lè padà rí. Bí ọmọ yìí bá pé ọgọ́rin ọdún kí ó tó kú, ẹ̀tọ́ tó ní lórí àròkọ tó gba máàkì 6 nínú 10 yóò ti lo nǹkan bí ọdún 139 láyé kí ó tó tán. Ìyá rẹ̀ lè ta ìwé náà fún alákàrà ní ìparí sáà. Bébà ni alákàrà rà, kò ra ọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ náà kò sì dín kù bí ó ti wù kí òróró rin ín tó. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó bá tẹ àròkọ yẹn lọ síbi ìdíje pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀ ló dẹ́ṣẹ̀ sí i.

Ẹ̀yà kẹrin, àdàkọ aláìlóǹkọ̀wé, dé pẹ̀lú ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé ọmọ mú ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kankan kò kọ. Ibi tí òfin Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé ni ọ̀ràn ọ̀bọ kan ní erékùṣù Sulawesi ní Indonesia, tó tẹ kámẹ́rà David Slater, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ya ara rẹ̀. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ẹranko pẹjọ́ lórúkọ ọ̀bọ náà. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ọ̀bọ kò lè pẹjọ́ lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ kan ní Washington sọ pé àwòrán tí ẹ̀rọ dá ṣe láìsí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀ kò lè ní ẹ̀tọ́ àdàkọ. Bí a bá gba ìdájọ́ wọ̀nyí bó ṣe rí, ọmọ tó ní kí ẹ̀rọ kọ àròkọ ọjà ìlú fún òun kò ní nǹkan kan lórí rẹ̀, nígbà tí ẹni tó jókòó tì í, tó ṣi sípẹ́lì mẹ́wàá, ní tirẹ̀ fún ọdún 139. Olùkọ́ ní kí ó sọ ohun tó rí lọ́jà. Ẹ̀rọ náà kò dé ọjà rí.

Nílé, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún ọmọ kan náà. Bí ó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, kò jẹ́ sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló dá a. Á ní àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, á sì fi "tótó, ó ṣe bí òwe" kún un, àgbà á sì fún un láṣẹ pé yóò rí òmíràn pa. Ìdárúkọ orísun àti ìgbàṣẹ, àwọn méjèèjì tí òfin 2022 ń wá, ti pé síbẹ̀. Bí ó bá fò ó, wọn á dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ní ilé-ìwé, olùkọ́ tó ṣe fọ́tòkọ́pì orí kan nínú ìwé oníwèé, tó gé orúkọ òǹkọ̀wé kúrò lókè, tó sì tà á fún kíláàsì ní "handout", kò rí ẹni tó dá a dúró.

Èèpo ìwé tí ọmọ ń kọ nǹkan sí ní àyè fún orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀, iṣẹ́ tó ń kọ́ àti ilé-ìwé rẹ̀. Kò sí àyè fún ibi tí ó ti rí ohun tó kọ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kì í yọ máàkì kankan sọ́tọ̀ fún un. Olùkọ́ tó bá fi máàkì 2 nínú 10 sílẹ̀ fún orísun kò nílò àṣẹ ìjọba, kò sì nílò kọ̀ǹpútà. Pátákó tí àwọn ọmọ ń dà kọ láràárọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ kọ orúkọ ìwé tí ó ti mú nóòtì náà sábẹ́ rẹ̀.