Ọkùnrin Rí Ejò, Obìnrin Ń Wá Ọ̀pá Obìnrin

Àwọn àgbà ní, bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Ọ̀rọ̀ náà kò rúni lójú. Ẹni tí igi bá sún mọ́ ni kó gbé e. Òkú ejò kì í jẹ́rìí pé ọwọ́ ọkùnrin ni òun kú sí. Ṣùgbọ́n ayé ti lajú, ọ̀làjú sì ti pa ìsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ejò wà. Bí obìnrin bá nawọ́ sí igi lónìí, òǹtajà á ti yọ sí i: "Àǹtí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ o, ti ọkùnrin ni. Ti obìnrin nìyí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí ẹ̀. Owó ẹ̀ kàn fi díẹ̀ ju tọ̀hún lọ ni." Kí wọ́n tó nájà tán, ejò ti wọ yàrá.

Aago ọwọ́ ni igi tí mo ń wí, àkókò tó ń yọ́ lọ sì ni ejò. Wákàtí kì í ṣe akọ, ìṣẹ́jú kì í ṣe abo. Síbẹ̀, ẹ dé ìsọ̀ aago, ì báà jẹ́ ní Balógun l'Ékòó, ì báà jẹ́ ní Bond Street ní London, wọ́n ti pín in sí méjì: ọ̀tún ti ọkùnrin, òsì ti obìnrin. Bí bọ̀rọ̀kìnní kan bá ṣèèṣì mú èyí tó wù ú lápá òsì, ọmọ ìsọ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ọ̀gá, ti màdáámù lẹ mú yẹn o." Ọ̀gá á yára dá a padà, á sì wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan rí òun.

Ohun tí ọ̀gá kò mọ̀ ni pé, ká ní ọdún 1900 ló wá ra aago, gbogbo aago ọwọ́ tó wà nílé ayé ni ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti màdáámù. Ọkùnrin tó bá níyì nílẹ̀ Yúróòpù nígbà náà, inú àpò ni aago rẹ̀ ń gbé, ṣéènì a sì so ó mọ́ ẹ̀wù. Èyí tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, ẹ̀gbà obìnrin olówó ni wọ́n kà á sí. Caroline Murat, àbúrò Napoleon tó jẹ́ ayaba ní Naples, ní kí Breguet, alágbẹ̀dẹ aago, ṣe ọ̀kan fún òun ní 1810. Ní 1812 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní 1868, ilé-iṣẹ́ aago Patek Philippe ṣe tirẹ̀ fún ìyàwó ìjòyè ńlá kan nílẹ̀ Hungary. Ọkùnrin tó bá dán irú ẹ̀ wò, wọ́n á fi ṣẹ̀sín títí yóò fi bọ́ ọ sílẹ̀.

Ọdún 1868 yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ aago IWC sílẹ̀ ní Schaffhausen, nílẹ̀ Switzerland. Nígbà tó ṣe, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í polówó pé ọkùnrin ni àwọn dìídì ń ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n àwọn fún. Ẹ kú ọgbọ́n o! Ọ̀ṣọ́ tí wọ́n yọ lọ́wọ́ obìnrin ni wọ́n wá ń fi dá ọkùnrin mọ̀.

Kí ló sọ aago ọwọ́ di akọ? Iṣẹ́ ni. Alberto Santos-Dumont, ọmọ Brazil tó ń fò lójú òfurufú ní Paris, rí i pé ẹni tó fi ọwọ́ méjèèjì wa ọkọ̀ lókè kò lè máa tú àpò kiri. Louis Cartier, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣe aago ọwọ́ fún un ní 1904. Ogun Àgbáyé Kìíní ló wá parí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1916, létí odò Somme nílẹ̀ Faransé, aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n dá fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti jáde nínú yàrà. Ọ̀gágun tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, tí fèrè wà lọ́wọ́ kejì, ọwọ́ wo ni yóò fi wá aago nínú àpò? Ọrùn ọwọ́ ló wò. Kò sẹ́ni tó ráyè sọ fún un pé ẹ̀gbà obìnrin ló so.

Nígbà tí ogun fi máa parí ní 1918, àwọn tó ń fi aago ọwọ́ ṣẹ̀sín ló ń wá a rà. Irin rẹ̀ kò yí padà, ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì kò sì gbàgbé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yípo. Ẹnu ayé ló yí. Ẹnu ayé yìí náà ló wá kọjú sí àwọn tó kọ́kọ́ ni ín, tó ní kí wọ́n lọ mú kékeré.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti kékeré yẹn, nítorí ibẹ̀ ni òmùgọ̀ pọ̀ sí. Nígbà tí Patek Philippe gbé Calatrava jáde ní 1932, aago ọkùnrin ni, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà 31 lọ. Nígbà tí Rolex gbé Datejust jáde ní 1945, mìlímítà 36 ni, ọkùnrin pátápátá ló sì ń so ó. Lónìí, ẹ gbé mìlímítà 31 síwájú ọmọ ìsọ̀, apá òsì ni yóò gbé e lọ láìbèèrè. Aago àwọn bàbá bàbá wa ti di abo nínú àpótí, wọn kò sì sí láyé mọ́ láti jà sí i.

Àwọn aago ńlá pàápàá ní ìdí tí wọ́n fi tóbi. Mìlímítà 55 ni èyí tí Jámánì ṣe fún àwọn ọmọ ogun òfurufú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Orí apá ẹ̀wù òtútù ni wọ́n ń so ó sí, wọ́n sì ní láti rí i nínú òkùnkùn. Mìlímítà 47 ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Panerai ṣe fún àwọn òmùwẹ̀ ọmọ ogun ojú omi Ítálì. Bọ̀rọ̀kìnní tiwa tó so 47 ńkọ́? Omi tó jìn jù lọ tí aago náà tíì rí ni èyí tó dí ọ̀nà Lekki lẹ́yìn òjò. Ẹ wò ó lóde àríyá: ní gbogbo ìgbà ló ń ká agbádá sókè léjìká. Kì í ṣe kó lè rí àkókò ni o. Kí àkókò lè rí àwọn tó ń wò ó ni.

Wọ́n á ní kékeré rọrùn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ obìnrin. Irọ́ gbáà! Ní 1929, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí Jaeger-LeCoultre ṣe ẹ̀rọ aago kan tó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wẹ́wẹ́, tí gbogbo rẹ̀ kò sì wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù kan lọ. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì so aago tó ní irú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n dé e ládé ní 1953. Kí alágbẹ̀dẹ aago tó lè to gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyẹn sínú ohun tí kò tó èékánná, ó ti gbọ́n ju ẹni tó ń ṣe aago tó tóbi bí agbada lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe? Wọ́n á yọ ẹ̀rọ oníṣẹ́ ọgbọ́n kúrò, wọ́n á ki bátìrì bọ̀ ọ́, wọ́n á fi dáyámọ́ńdì yí ojú rẹ̀ ká, wọ́n á kùn ún ní píńkì, wọ́n á ní àwọn ro ti obìnrin. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ mọ bí aago ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bátìrì ọ̀hún gan-an kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Láti ìgbà tí Seiko ti gbé aago Astron jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá 1969, òkúta quartz tí bátìrì ń mú gbọ̀n ni ọ̀pọ̀ aago ń lò. Nínú aago quartz tó wọ́pọ̀ lóde òní, òkúta náà ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ gbé e sínú ti píńkì, bó ṣe ń gbọ̀n nìyẹn. Bí ẹ gbé e sínú dúdú tó rí hẹ̀kẹ̀, bó ṣe ń gbọ̀n nìyẹn.

Ẹnì kan á ní ọwọ́ kò dọ́gba. Òótọ́ ni. Àwọn obìnrin kan wà tí ọrùn ọwọ́ wọn nípọn ju ti àfẹ́sọ́nà wọn lọ, ìgbéyàwó kò sì torí ẹ̀ tú. Ṣebí nọ́ńbà ni a fi ń mọ ìwọ̀n? Nígbà tí Apple Watch jáde ní 2015, mìlímítà 38 àti 42 ni wọ́n pè é, kálukú sì mú èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. A ò gbọ́ pé ọkùnrin kankan so 38 kó di ìyàwó ilé.

Kí ló wá dé tí orúkọ àtijọ́ yẹn, ti ọkùnrin àti ti obìnrin, kò tán? Owó ni. Bí aago bá jẹ́ aago lásán, ọkọ lè yá ti ìyàwó lò, bàbá sì lè fi tirẹ̀ ṣe ogún fún ọmọbìnrin. Òǹtajà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ilé kan ra méjì, kí tọkọtaya sì gbà á gẹ́gẹ́ bí àmì ìfẹ́, nínú páálí kan náà, ńlá lápá kan, kékeré lápá kejì.

Irú páálí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ta lọ́rẹ níbi ìgbéyàwó. Ìwé ìpè ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ gééré ni. Ní aago mẹ́wàá, àwọn alága àti àwọn tó ń to tábìlì ló wà níbẹ̀. Ní aago méjìlá, ọkọ ìyàwó wọlé pẹ̀lú mìlímítà 44 tó ń tàn yanran lọ́wọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìyàwó dé pẹ̀lú 28 tí òkúta yí ká. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò ọwọ́ méjèèjì. Nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà, aago ọkùnrin àti aago obìnrin dọ́gba pátápátá: kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni wò.