Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Iná Náà Sì Ti Gbọ́

Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí nǹkan dí mọ́ lọ́wọ́ ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí gbà níyànjú: bí oko ò bá mú èrè wá, kó yà sí òwò, bí òwò ò bá gbè é, kó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹni tó rò ó nínú wọn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò di ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yọ fíúsì alùpùpù sọnù. Ọjọ́ náà ti dé, ó sì ti dé Karu, ní apá ìlà-oòrùn Àbújá, nítòsí ọ̀nà tó gba Nyanya kọjá lọ sí Keffi. Ọlọ́kadà a gbé Bajaj Boxer àlòkù dé ìsọ̀ rewáyà, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe: họ́ọ̀nù ò dún dáadáa, iná iwájú ń ṣẹ́jú, fíúsì ń jó ní gbogbo ìgbà. Rewáyà ò ní béèrè ohunkóhun, kò ní wọn ohunkóhun. Yóò gé wáyà, yóò so wáyà, yóò fi bébà fàdákà inú páálí sìgá rọ́pò fíúsì, yóò wá nu ọwọ́ rẹ̀: "Ọ̀gá, mo ti dáyírẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Ohun tí kò yé e ni pé iná mànàmáná náà gbọ́ òwe yẹn, ó sì gbọ́ ọ ju òun lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ní Karu. Ní 2006, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà Olú-ìlú Àpapọ̀, ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní àárín Àbújá. Ọ̀kadà ò kú. Ó kó lọ sí àwọn ìlú tó yí àárín ìlú náà ká, Nyanya, Karu, Jikwoyi, Kurudu, níbi tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ń sùn sí, tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà àdúgbò ò sì gba bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, alùpùpù tuntun ti ga ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, àlòkù sì di ọba. Àlòkù sì rèé, kò dé ọwọ́ ẹnì kan lófìfo. Olówó àkọ́kọ́ ti so họ́ọ̀nù ọkọ̀ ńlá mọ́ ọn, ẹnì kejì fi iná aláràbarà kún un, ẹnì kẹta so ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù mọ́ ọn, ẹnì kẹrin gbé rédíò sí i. Oníkálukú gé wáyà níbi tó wù ú, ó sì fi ọ̀rá wé ojú rẹ̀. Òjò rọ̀ sí i, eruku ọyẹ́ bò ó, irin dípẹtà. Ẹni tó bá ra irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ti ra ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn mẹ́rin pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iná ń ṣe gan-an kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Iná bátìrì kì í rin ìrìn àjò tí kò ní àbọ̀. Bó bá ti orí rere bátìrì jáde, tó gba inú gílóòbù tàbí họ́ọ̀nù kọjá, ó gbọ́dọ̀ padà sí orí kejì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò ní jáde rárá. Lára alùpùpù, irin tí a fi kan alùpùpù náà ni ọ̀nà àbọ̀ yìí, wáyà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì ló sì so irin náà pọ̀ mọ́ bátìrì. Láti 1827 ni Georg Simon Ohm, ará Jámánì, ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé bí ìdènà bá ṣe pọ̀ tó lójú ọ̀nà ni iná tó ń kọjá yóò ṣe dín tó. Ìpẹtà díẹ̀ lábẹ́ bóòtù ẹ́ẹ̀tì ti tó ìdènà. Họ́ọ̀nù a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn, iná a máa ṣẹ́jú. Nígbà mìíràn, bí ọlọ́kadà bá tẹ bíréèkì, iná tó yẹ kó máa júwe ọ̀nà ìyànà ni yóò tàn féfé, nítorí pé iná bíréèkì rí i pé ọ̀nà àbọ̀ tòun ti dí, ó sì gba inú gílóòbù ẹlòmíràn padà sílé. Ta ló wá mọ òwe lò jù níbẹ̀, rewáyà ni tàbí iná?

Bátìrì ni gbogbo ènìyàn sì máa ń dá lẹ́bi. Iná iwájú ò mọ́lẹ̀? Ra bátìrì. Bẹ́ẹ̀, lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, iná iwájú kì í mu nínú bátìrì rárá. Kọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń fún un ní oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi mọ́lẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́, tó sì máa ń mọ́lẹ̀ yòò bí a bá fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Ẹni tó ra bátìrì tuntun nítorí èyí ti rúbọ sí òrìṣà tí kò bínú. Babaláwo tó mọṣẹ́ kì í ka ẹbọ fún ẹni tí kò tíì dá Ifá fún. Yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Ifá wí. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ rewáyà ni mítà tí a fi ń wọn iná, kò sì wọ́n ju ọwọ́ ẹni tó ní ìsọ̀ lọ. Bátìrì fóólìtì 12 tó yó, tó sì sinmi, máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn, bó bá rẹ̀ sílẹ̀ sí 12 tàbí kó dín, ebi ń pa á. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀, ó yẹ kí mítà wà láàárín 13.5 àti 14.5. Bí kò bá kúrò ní 12, a jẹ́ pé nǹkan kan ò jẹ́ kí ìṣáájì dé bátìrì. Bó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ ni a ó bi léèrè, nítorí pé òun ló ń se omi inú bátìrì gbẹ. Àwọn nọ́ńbà yìí yóò sọ fún wa bóyá bátìrì jẹ̀bi tàbí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn án.

Ní ti fíúsì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n dá a fún: kó kú kí wáyà má baà kú. Thomas Edison gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí fíúsì ní 1890, àwọn tó ń lo tẹ́lígíráàfù ti ń lo irú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fíúsì áńpíà 10 yóò yọ́ bí iná bá kọjá ohun tí wáyà lè gbé. Bébà fàdákà ò mọ iye tó yẹ kó jẹ́ kó kọjá. Bí wáyà tó bó bá wá kan irin, bátìrì kékeré lè tu ju áńpíà 50 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ooru inú wáyà kì í sì í pọ̀ bí iná ṣe pọ̀ lásán: bí iná bá di ìlọ́po 5, ooru di ìlọ́po 25. Ibo ni ìdì wáyà alùpùpù ń gbà kọjá? Abẹ́ táńkì epo. Níbẹ̀ ni iná yóò ti wá jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Àwọn kan yóò ní ebi ló ń fa gbogbo rẹ̀, pé ọlọ́kadà tó ní owó tó gbọ́dọ̀ dá fún olówó rẹ̀ lálẹ́ kò ní àyè àyẹ̀wò. Àánú rẹ̀ ṣe wá, ṣùgbọ́n ìṣirò náà ò bá a mu. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mítà ń gbà. Bátìrì tí a rà láìnídìí ń gba èrè ọjọ́ púpọ̀, yóò sì tún padà wá bá rewáyà. Àwọn mìíràn yóò ní, "Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́." Òótọ́ ni pé fíúsì lè gbó kó sì já fúnra rẹ̀, bó bá rí bẹ́ẹ̀, fíúsì tuntun yóò yanjú ọ̀rọ̀, bébà sìgá ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí tuntun náà bá jó, kí a yọ họ́ọ̀nù, ká yọ rédíò, ká yọ ohun tó ń ṣáàjì fóònù, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí fíúsì ò fi ní jó mọ́. Ibi tó ti dákẹ́ ni àìsàn wà. Àtakò kẹta ló ní iyì jù: pé àwọn ọ̀gá àtijọ́ ò ní mítà, wọ́n sì tún alùpùpù ṣe. Wọn ò ní mítà, ṣùgbọ́n wọ́n ní gílóòbù kékeré tí wọ́n so wáyà méjì mọ́, wọ́n sì fi ń yẹ ojú wáyà wò níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n wádìí. Àwọn tó ń fi orúkọ wọn bura lónìí ni kì í wádìí.

Rewáyà Karu nìkan kọ́ ni aláìsàn. Onílé tó kàwé, tí bíríkà iná ilé rẹ̀ ń jábọ́, tó fi okùn dè é kó má baà jábọ́ mọ́, ọmọ ìyá rewáyà ni. Ìjọba pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń dáyírẹ́ẹ̀tì. Àbújá lé ọ̀kadà ní 2006, ọ̀kadà sì sọ́dá sí Karu. Èkó fi òfin dè é ní 2012, ó tún dè é ní 2020, ó tún fẹ òfin náà lójú ní 2022. Ẹni tó pààrọ̀ fíúsì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé ó tíì wá ibi tí wáyà ti bó? Òṣìṣẹ́ tí kò rí bọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wáyà tó bó. Bí a bá dí ọ̀nà kan mọ́ ọn, yóò wá òmíràn, nítorí pé òwe náà ti dé etí òun náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń gun alùpùpù àlòkù, ẹ béèrè mítà kí ẹ tó béèrè iye owó. Ẹ ní kí wọ́n tú bóòtù ẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó dárúkọ bátìrì. Bí fíúsì bá jó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tí kò bá fi wáyà tó bó hàn yín. Rewáyà tó bá bínú sí ìbéèrè yìí ti dáhùn rẹ̀: ẹ gbé alùpùpù yín lọ sí ìsọ̀ mìíràn.