Báàjì fún Ẹni Tó Sùn Lọ

Lọ́dún 2012, Kevin Werbach, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania, gbé ẹ̀kọ́ kan sórí Coursera, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nípa bí a ṣe ń fi ọgbọ́n inú eré ṣe iṣẹ́ gidi. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ti fi ọgbọ́n yìí di alágbàtà máàkì. O ṣí fídíò, máàkì 10. O wò ó tán, báàjì. O sùn lọ? Fóònù á ké: “Orúkọ rẹ ti já wálẹ̀ o!”

Ẹ lọ wo àwọn bàbá nídìí ọpọ́n ayò: ihò 12, ọmọ ayò 48, ìṣirò ń lọ wéréwéré, kò sí báàjì. Ọ̀ta tó borí á kàn bú ọ̀pẹ tó fìdí rẹmi, àwọn òǹwòran á sì bá a gbè é.