Ẹ Ṣírò Ẹ̀ sí Pọ́n-ùn

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní Akóbọ̀, tí ọ̀dà tuntun ń yọ lára géètì láti General Gas títí dé Ojúrin, kò sí ẹni tó ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ ń bọ̀ láti Ìlú Ọba. Ìyá tó ti ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ooru láti oṣù kẹta á ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún AC ṣe. Wọ́n á ra adìyẹ kún fíríìsà, wọ́n á fọ kọ́tìnnì, wọ́n á lé ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ń sùn ní yàrá àlejò lọ sí pálọ̀. Àwọn tó ń fi ilé wọn gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ ti fi owó lé owó. Télọ̀ kì í gbé fóònù mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ ni mò ń bá wí. Àwọn kan wá sin òkú, àwọn kan wá wo ìyá tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àwọn kan kàn fẹ́ sun oorun ọjọ́ mélòó kan nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ ìrìn. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ilé. Ẹni tí mò ń sọ yàtọ̀. Bọ̀dá Ìlú Ọba ni ká pè é. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ wa la sì bá a tan. Obìnrin wọn náà wà, Àǹtí Ìlú Ọba, ìwà kan náà ni. Ó kúrò níbí ní 2022, ọdún tí ìjọba Bírítéènì ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ wá máa tọ́jú arúgbó àti aláìsàn. Iṣẹ́ tó lọ ṣe kò lábùkù rárá. Kéèyàn gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó wẹ̀ fún un, kó fún un lóògùn lásìkò, iṣẹ́ ọmọlúàbí ni. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ẹni tó fi oṣù mọ́kànlá ní sùúrù fún arúgbó onílé, tó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, á dé Akóbọ̀, kò ní lè dúró kí ìyá tó bí i sọ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀.

Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò dáadáa. Ìyókù, ohùn tó ń gba ihò imú jáde, omi inú ike tó gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan pàtó, "mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni" tó ń sọ láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ tó ń padà, a ti rí wọn títí a ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àìsàn tí mò ń wí ni ìṣirò.

Ẹ mú un lọ jẹ àmàlà ní Bódìjà. Wọ́n bu àmàlà, wọ́n da gbẹ̀gìrì pọ̀ mọ́ ewédú, wọ́n fi ṣàkì àti ògúfe lé e, wọ́n ní 5,000 náírà. Kò ní kọ́kọ́ fọwọ́. Á yọ fóònù, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wo ojú gbogbo wa yíká bí ẹni tó fẹ́ kéde pé ìyàwó òun ti bímọ: "Kò tó pọ́n-ùn mẹ́ta!" Ó ń retí kí ẹnì kan ní "Háà!" Bí kò bá sẹ́ni tó dá a lóhùn, á tún un sọ, á gbé ohùn sókè kí ìyá alámàlà lè gbọ́. Ìyá alámàlà gbọ́. Láti bíi aago mẹ́rin ìdájí ló ti ń fi ọmọrogùn jà lórí iná igi, wọ́n wá ń wí lójú ẹ̀ pé gbogbo wàhálà yẹn kò tó nǹkan, ó sì gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, torí oníbàárà ni.

Kò mọ síbẹ̀. Ó gẹrun, ó ṣírò ó. Ó ra ìgò mẹ́ta ní ilé ijó kan ní Ring Road láago méjì òru, ó ṣírò ó létí ẹni tó gbé e wá. Ó ṣírò owó bíríkìlà tó ń gbé búlọ́ọ̀kù lójú ilé wa, ó pariwo pé, "Fún odidi ọjọ́ kan?" bíríkìlà náà sì wò ó láti orí àkàbà. Ní ìsìnkú bàbá àdúgbò kan, ó béèrè iye tí wọ́n ra pósí. Wọ́n sọ fún un. Ó tẹ fóònù, ó mi orí, ó ní, "Kò wọ́n."

N kò gbọ́ kó béèrè rí ibi tí ìṣirò náà ti wá. Nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, pọ́n-ùn kan kò tíì tó 1,000 náírà, kódà lọ́wọ́ àwọn Àbókì tó ń ṣẹ́ owó. Ní oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọwọ́ lára náírà pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ó sì bọ́ lulẹ̀. Kí Kérésì 2024 tó dé, ó ti di nǹkan bí 2,000. Kì í ṣe Bọ̀dá ló ga, ilẹ̀ ló rì lábẹ́ ẹsẹ̀ àwa yòókù. Ìyá rẹ̀ wà lára àwa yòókù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí náírà, àmọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Tó bá jẹ́ pé ìṣirò ló wù ú, ẹ jẹ́ ká bá a ṣe ọ̀kan. Láti oṣù kìíní 2025, owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ di 80,000 náírà. Pọ́n-ùn 40 nìyẹn. Ní 2024, òfin Bírítéènì ní kí ẹnikẹ́ni má san ohun tó dín sí pọ́n-ùn 11.44 fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọmọ ọdún 21, fún wákàtí kan péré. Wákàtí mẹ́rin kò tíì pé lẹ́nu iṣẹ́ tí yóò fi pa ohun tí ẹni tó ń gbá ọ́fíìsì ní Agodi fi odidi oṣù pa. Ènìyàn tó bá mọ èyí, orí á wú u fún ẹni tó ń gbálẹ̀ náà, tàbí ojú á tì í díẹ̀. Bọ̀dá Ìlú Ọba mọ̀ ọ́n. Ìgò kẹrin ló pè.

Ẹ tún wá wo ohun kan. Ẹ̀rọ ìṣirò yìí, apá kan ló fi ń ṣiṣẹ́. Owó tó bá ń wọ ikùn Bọ̀dá, pọ́n-ùn ni. Owó tó bá fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kíá ló di náírà padà. Ọmọkùnrin tó bá a ṣọ́ ọkọ̀ níwájú Agodi Gardens ní kó fún òun ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta! Kí lo ṣe?" Fóònù wà lápò, kò yọ ọ́. Ọmọbìnrin tó ń fọ ṣòkòtò jíìnsì rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé gba ṣokoléètì kan tó ti yọ́, tó tún ti dì padà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó má fi gbogbo rẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ti iná wá burú. Ojú pópó wọn wà lára àwọn tí wọ́n fi sí Band A ní 2024, àwọn tó ń san ohun tó lé ní 200 náírà lórí yúníìtì kan. Ìyá ti ra yúníìtì tó rò pé yóò gbé òun dé oṣù kejì. Ọyẹ́ ń gé wa létè láàárọ̀, Akóbọ̀ ń wọ súwẹ́tà, Bọ̀dá ń tan AC mọ́jú. Bó bá jáde lọ, kì í pa á, torí kí yàrá lè tutù kó tó dé.

"Ọmọ mi, iná yìí ti fẹ́ẹ́ tán o."

"Mọ́mì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ jọ̀ọ́. Ooru yín yìí pọ̀ jù."

Ooru yín. Yàrá kan ni òun àti mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ sùn ní Agbówó, fèrèsé ẹyọ kan, kò sí fáànù.

Ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ogún ẹgbẹ̀rún wá fún táńsífọ́mà tó bàjẹ́. Bàbá Akọ̀wé, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, fúnra rẹ̀ gbé ìwé dé ẹnu géètì. Ó kí i káàbọ̀, ó bi í léèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó gbàdúrà fún un, kó tó wá dárúkọ owó. Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ ìdajì, èyí tó máa ń ṣe nísinsìnyí, tí orúnkún kì í fi í kan ilẹ̀. "Ogún ẹgbẹ̀rún, Bàbá? Nǹkan mà ti wọ́n ní Nàìjíríà yìí o! Mi ò tíì ṣẹ́ owó." Ní òru àná, ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn ló fi ra ọtí.

Ètò ìgbafẹ́ rẹ̀ ti wà lórí WhatsApp ẹbí kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àbúrò ló ń ṣe amọ̀nà, òun náà ló ń ya fọ́tò. Wọ́n lọ sí Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ilé alájà 26 tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n parí ní 1965. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ru kòkó lọ́nà Lálúpọn títí ọrùn rẹ̀ fi tẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí ilé náà, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù, ó bi dírẹ́bà bóyá báńkì ni. Wọ́n gun Layípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sí Òkè Àrẹ̀mọ ní 1936 fún ìrántí Captain Bower. Àtẹ̀gùn 47 ló ń yí gòkè nínú rẹ̀, ọ̀nà náà há. Lágbedeméjì, fóònù Bọ̀dá dún, ó dúró, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró sínú òkùnkùn títí ó fi bá ẹni tó fẹ́ bá a ṣẹ́ owó dúnàádúrà tán. Ó ní òun fẹ́ wọ reluwé tí wọ́n ṣí ní 2021 lọ sí Èkó, torí fídíò. Akóbọ̀ jìn sí Mọ̀níyà. Gbogbo ilé jí ní kùtùkùtù, òun ò jí.

Ní 2019, Gánà pe àwọn ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú lọ pé kí wọ́n wá wo ilé, nítorí ó di 400 ọdún tí àwọn kan gúnlẹ̀ sí Virginia. Ìyẹn ní ìtumọ̀. Láti ìgbà náà, Accra àti Èkó ti fi oṣù kejìlá ṣe ọjà, Ìbàdàn náà sì ń na ọwọ́ sí i, mi ò bá ẹni tó ń tajà jà. Ṣùgbọ́n àwa náà ti ní àwọn tó ń ti ẹ̀yìn odi bọ̀ kó tó di pé wọ́n bí Bọ̀dá. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho tó ń ṣòwò ní Gold Coast máa ń wálé. Wọ́n ń ṣe fáàrí, ẹ má jẹ́ n purọ́. Síbẹ̀ wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń mú ọmọ ìyá wọn dání padà, wọ́n ń san owó ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí ìjọba Busia lé wọn ní ìparí 1969, ilé wà tí wọ́n lè sá wá sí.

Ọ̀nà tó ń gbé Bọ̀dá wọ Akóbọ̀ kò jìnnà sí Oríta Baṣọ̀run. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejìlá 2024, àwọn òbí kó ọmọ lọ sí àríyá Kérésì ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ Islamic High School tó wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì gbọ́ pé oúnjẹ àti ẹ̀bùn wà. Èrò pọ̀ ju ààyè lọ, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọmọdé 35 ló kú. Ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń tò fún, mi ò ní ṣírò ó sí owó ìlú kankan. Bọ̀dá ọdún yẹn wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ìròyìn dé orí rédíò. Ó ní, "Nàìjíríà!" Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá wọn ò ní tìtorí èyí fagi lé eré alẹ́ ọjọ́ náà, torí òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ojú ò tì í nígbà tó ń sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ìlú òyìnbó ló yí i padà, nítorí àwọn òyìnbó tó ń bá gbé kì í sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Tó bá di ọjọ́ kejì ọdún, wọ́n á gbé ìwọ̀n sí àárín pálọ̀. Báàgì méjì, kílò 23 kílò 23. Ṣokoléètì àti ṣẹ́ẹ̀tì ló kó wá. Ẹ̀gúsí tí ìyá fi ọwọ́ bó, irú, ata gígún, gààrí àti èlùbọ́ ló ń kó lọ. Èlùbọ́ kò wọlé mọ́, wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ra yúníìtì tuntun nínú owó ìfẹ̀yìntì, ó sì mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tọ Bàbá Akọ̀wé lọ pé ìyókù ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Bọ̀dá pè. Èlùbọ́ òun dà? Ìyá ní ó wà nílẹ̀, òun ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ ní Challenge, iye báyìí ni wọ́n ń gbà lórí kílò kan.

"Náírà mélòó? Ṣé wúrà ló wà nínú ẹ̀ ni? Mọ́mì, ẹ lọ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé arúgbó ni yín, ẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́."