Afẹ́fẹ́ Mo-Gbọ́-Mo-Yà

Bí mọ́tò tọ́kùnbọ̀ bá dúró nídìí iná pupa tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbọ̀n, mẹkáníìkì á kọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó ṣì ń gbọ̀n. Ó pààrọ̀ kọ́ìlì. Àpò onímọ́tò náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ọ̀daràn náà lè máà ju rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó là lára ẹ́ńjìnnì lọ. Afẹ́fẹ́ mo-gbọ́-mo-yà ń gba ibẹ̀ wọlé láìkọjá lọ́dọ̀ ohun tó ń wọ̀n ọ́n, epo ò sì kárí mọ́. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè kọ P0171: afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ.

Nílé, omi díẹ̀ tó láti fi wá ibi tó là. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, wọ́n á máa rọra fín in sára rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìró bá ti yí padà, ibẹ̀ ni kí wọ́n wò. Àwọn kan a máa fín bẹntiróòlù. Ìpéǹpéjú wọn lẹ máa fi dá wọn mọ̀.

Rọ́bà tuntun kì í wọ́n lọ́jà Ládípò. Owó kọ́ìlì ni mẹkáníìkì ò ní dá padà.